Bí Ìgbìmọ̀ Ilé-Ìwé Ṣe Ń Ṣètò Ẹ̀kọ́ Ọmọ Tó Jẹ́ Àkàndá, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Yẹ Ètò Náà Wò

Ká gba ọmọ tó jẹ́ àkàndá wọlé, ìyẹn ò le. Ibi tó ti le ni kí tíṣà mọ ohun tí òun máa ṣe fún un láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá títí dé ìparí sẹ́kọ́ńdìrì, àti pé kí ilé-ìwé ìjọba ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1975 ní kí ìgbìmọ̀ kọ ètò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ àkàndá. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á sì máa tún ọmọ náà yẹ̀ wò látòkè délẹ̀ ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ilé-ìwé èyíkéyìí n'Ìbàdàn lè ṣe irú rẹ̀. Bébà, bírò àti àkókò ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ná èèyàn.

Àwọn tó máa jókòó

Èèyàn márùn-ún sí méje ti tó. Ọ̀gá ilé-ìwé, tíṣà kíláàsì, òbí tàbí alágbàtọ́, ẹnì kan tó mọ ẹ̀kọ́ àkàndá, àti ọmọ náà fúnra rẹ̀ bó bá ti lè sọ tẹnu rẹ̀. Bí ilé-ìwé ò bá ní ẹni tó mọṣẹ́, kí ọ̀gá kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkàndá ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ irú àwọn tíṣà bẹ́ẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Kí ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kó má baà dà bíi pé wọ́n fò ó dá.

Ṣáájú ìpàdé

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí tíṣà máa kọ ohun tó rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. "Olódo ni" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èyí ló wúlò: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹwàá. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹ̀yìn, kò dáhùn. Mo bọ́ síwájú rẹ̀, ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀." Ẹni tó bá ka ìyẹn ti mọ̀ pé etí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Etí àti ojú ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò kí ẹ tó sọ pé ọpọlọ ọmọ kò jí pépé. Wọ́n ń ṣe méjèèjì ní UCH, ilé-ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn. Ẹ béèrè ìwé tó fi bí etí ọ̀tún àti tòsì ṣe ń gbọ́ sí hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ibẹ̀ lẹ máa ti mọ ibi tó yẹ kí ọmọ jókòó sí. Bí etí bá ń ṣọyún tàbí tí ìdọ̀tí dí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ná, kí wọ́n wá tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ní ti ojú, pátákó lẹ́tà tí wọ́n ń kà láti mítà mẹ́fà kò lè sọ bóyá ọmọ ń rí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo ìyẹn náà.

Ẹ sọ ọjọ́ ìpàdé fún òbí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣáájú, kí ẹ sì bi í léèrè àkókò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyá tó ń tajà ní Bódìjà kò lè pa ìsọ̀ dé ní wákàtí tí ọjà ń yá. Yorùbá ni kí ẹ sọ, kí ẹ má fi òyìnbó ìṣègùn dẹ́rù bà á. Bí òbí bá jẹ́ adití, ẹ wá ògbufọ̀ tó mọ èdè ọwọ́, ẹ má lo ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kò sí ọmọ tó yẹ kó máa túmọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀.

Kíkọ ètò náà

Ojú ìwé méjì ti tó, nítorí ìwé tó bá gùn kì í jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ kọ ibi tí ọmọ dé báyìí, ibi tí ẹ fẹ́ kó dé, ẹni tó máa ṣe kí ni, àti ọjọ́ tí ẹ máa padà wò ó. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ praimari kẹta kan tí etí òsì rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ dáadáa. "Kó tẹ̀ síwájú nínú ìwé kíkà" kò ṣeé wọ̀n. Ohun tó ṣeé wọ̀n ni: "Kí táàmù yìí tó parí, á ka àyọkà ọ̀rọ̀ 50, kò sì ní ṣì ju márùn-ún lọ."

Ní ti ìrànlọ́wọ́: kó jókòó níwájú, ní apá òsì kíláàsì, kí etí ọ̀tún lè kọ ojú sí tíṣà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí títì tàbí jẹnẹrétọ̀. Kí tíṣà má máa sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kọjú sí bọ́ọ̀dù, torí ẹnu rẹ̀ ni ọmọ ń wò. Kí tíṣà jókòó ti ọmọ náà fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ọjọ́ náà. "Nígbà tí àyè bá wà" kì í wáyé láé. Fún ọmọ tó ń lo Braille, ìyẹn ìwé alámì tó yọ sókè tí ẹni tí kò ríran ń fọwọ́ kà, ẹ kọ ẹni tó máa ra bébà rẹ̀. Bébà tó nípọn ni, torí àmì kì í pẹ́ tẹ́ lórí bébà ìwé-kíkọ lásán.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i, ẹ kà á sókè. Ẹ̀dà kan fún òbí, ọ̀kan fún tíṣà, ọ̀kan fún fáìlì. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ọmọ kì í ṣe ti gbogbo ayé.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ní àárín táàmù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín tíṣà àti òbí ti tó. Ní ìparí táàmù, ìgbìmọ̀ á jókòó, wọ́n á sì gbé àyọkà ọ̀rọ̀ 50 mìíràn síwájú ọmọ. Bí kò bá kà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìrànlọ́wọ́ tí a kọ wáyé lóòótọ́. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kẹ̀, àbí lẹ́ẹ̀kan péré? Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó lè sọ pé kí a yí ọ̀nà padà. Àwọn kan á ní kó tún kíláàsì ṣe. Àmọ́ bí ohun gbogbo bá wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àtúnṣe kíláàsì á kàn fi ọdún kan ṣòfò ni.

Ohun tó sábà máa ń da ètò rú ni ìgbéṣípò tíṣà. Ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ fi ètò náà lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, lójú ọ̀gá, kó sì fi ìjókòó ọmọ hàn án nínú kíláàsì.

Bó bá ku ọdún kan kó jáde ní praimari, ẹ pe ẹnì kan láti sẹ́kọ́ńdìrì tó ń lọ wá sí ìpàdé. Bó bá sì kan WAEC, ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni kí ilé-ìwé ti sọ ohun tí ọmọ nílò. Wọ́n ń tẹ ìbéèrè ní Braille fún àwọn tí kò ríran, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ni wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ fún.