Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ń yan yunifásítì fún ọdún pàṣípààrọ̀

Ẹni tí a fi ètò pàṣípààrọ̀ rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún ọdún kan kò tíì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti yunifásítì Abomey-Calavi tàbí ti Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin wa lọ, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣì wà, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Kétu, Pobè àti Àjàṣẹ́ ni kì í fi èyí sọ́kàn, wọ́n a sì máa yan yunifásítì bí ẹni tí kò ní padà wá.

Àṣìṣe tó burú jù lọ tí mo ti rí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mú ìlú kan tàbí orúkọ ńlá kan, kí ó tó wá béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé yan ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé nítorí pé ìbátan wa ń gbé ibẹ̀. Ó yege nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tó ṣe lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tó kó ìwé èsì rẹ̀ dé, àwọn tó rán an lọ ní àwọn kò rí iṣẹ́ ìṣirò tí ọdún kẹta ń béèrè nínú rẹ̀, ó sì tún ọdún náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé èmi náà wà lára àwọn tó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ sọ́dọ̀ ìbátan yẹn.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni iye kírẹ́díìtì, ìyẹn máàkì tí wọ́n fi ń ka ìwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Ètò LMD (licence, master, doctorat) tí àwọn yunifásítì wa ń lò ka ọdún kan sí 60, ètò ti ilẹ̀ Yúróòpù náà kà á sí 60, akẹ́kọ̀ọ́ a wá rò pé 60 ti ọ̀hún yóò di 60 ti ilé láìsí wàhálà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nílé máa ń yẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ má ṣe yan ilé ẹ̀kọ́ kankan láìjẹ́ pé ẹ ti tẹ́ àkójọ iṣẹ́ ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ilé, tí ẹ wo èyí tó bára mu àti sáà tí wọ́n ń kọ́ ọ, tí ẹ sì fi méjì tàbí mẹ́ta pamọ́ nítorí àwọn tó lè kún tàbí tí wọ́n lè yí àsìkò wọn padà. Inú ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní contrat d'études ni kí gbogbo rẹ̀ wà, kí ọ̀gá ẹ̀ka ní ilé, ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbà yín àti ẹ̀yin fúnra yín sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí iṣẹ́ kan bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ dé ọ̀hún, ẹ kọ̀wé sílé lọ́sẹ̀ náà gan-an kí wọ́n lè tún un fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kò tó.

Àwọn mìíràn a yan yunifásítì tí kò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú ti wọn. Nínú Erasmus+, ètò pàṣípààrọ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ti bá ara wọn ṣàdéhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá a ṣe. Owó sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2019 ni ìjọba Faransé gbé owó ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìta Yúróòpù wá sókè sí 2,770 yúrò lọ́dún fún licence (oyè àkọ́kọ́), èyí tó lé ní 1,800,000 séfà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yunifásítì kan máa ń dín in kù. Ẹni tó lọ lábẹ́ àdéhùn kì í san án, nítorí pé ó ti sanwó nílé.

Nípa ti èdè, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba Nàìjíríà, nítorí pé òun ló súnmọ́ wa jù. Ọmọ Kétu tó bá dé Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ yóò fi èdè ìyá rẹ̀ ná ọjà, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ ń sọ ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Ẹ béèrè kàlẹ́ńdà wọn pẹ̀lú. Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, ọdún pàṣípààrọ̀ kan ṣoṣo kò sì lè fara da irú ìdádúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, a lè máà san owó ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n a óò san owó ilé àti ti oúnjẹ. Físà Faransé ń béèrè ẹ̀rí 615 yúrò lóṣù, èyí tó lé díẹ̀ ní 400,000 séfà. Ní Jámánì, ẹni tí kò ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sábà máa ń ní láti fi 11,904 yúrò sí báńkì fún ọdún kan, níbi tí kò ti ní lè fà ju ìwọ̀nba lọ lóṣù. Ó lé ní mílíọ̀nù méje séfà. Ẹ ṣírò èyí kí ọmọ tó yan orílẹ̀-èdè, ẹ má sì ta ilẹ̀ nítorí lẹ́tà ìgbàwọlé tí ẹ kò tíì fi han ẹnikẹ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àbúrò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn, obìnrin, ti ń múra láti lọ báyìí. Nígbà tó wá sílé mi ní Kétu lóṣù tó kọjá, kò dárúkọ ìlú kankan fún mi. Àkójọ iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló tẹ́ sórí tábìlì, ó sì ti fi bírò pupa sàmì sí àwọn tí ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ kò gbà.