Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n ọmọ kékeré

Títọ́jú ọmọ wẹẹrẹ niṣẹ́ mi. Ẹkún wọn kì í bí mi nínú. Owó tí àwọn òbí wọn ń ná dànù ló ń bí mi nínú.

1. Ẹ yéé ra fídíò “tí ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀”. Ọmọ tó ń rìn tàgétàgé kì í kọ́ ọ̀rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń kọ́ ọ lẹ́nu èèyàn. Bó bá pe “bọ́ọ̀lù”, tẹlifíṣọ̀n ò ní dá a lóhùn. Bàbá kan fọ́nnu fún mi pé ọmọ òun ti mọ àwọ̀ mẹ́wàá. Mo na nǹkan ìṣeré pupa sí ọmọ, mo ní àwọ̀ wo nìyí? Orin inú fídíò ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

2. Tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá ọmọ: rárá.

3. Ẹ de tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri. Ọmọ á fà á.

4. Ibi tó ń dùn mí gan-an rèé: tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò wò. “A ò jẹ́ kó máa wò ó o, a kàn tàn án sílẹ̀ ni.” Ta lẹ wá tàn án fún? Àga? Ẹ jókòó sí kọ̀rọ̀ kan kẹ́ ẹ wo ọmọ yẹn. Á to nǹkan ìṣeré méjì léra, ariwo á sọ, á gbójú sókè. Kó tó padà, ó ti gbàgbé ohun tó ń kọ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? “Ẹn-hẹ́n, ẹn-hẹ́n” lẹ̀ ń dá a lóhùn, ojú yín ò kúrò lára ìròyìn. Àwọn olùwádìí ti rí méjèèjì: eré ọmọ ń kúrú, ọ̀rọ̀ òbí ń dín kù.

Àbí ta ni mò ń bá wí? Nígbà tí àkọ́bí mi wà lọ́mọ ọdún kan àbọ̀, tẹlifíṣọ̀n wa kì í sinmi láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n náà bàjẹ́, ilé pa rọ́rọ́, ọmọ gbé ìwé wá, ó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Ẹnu ọkọ mi ni mo ti gbọ́ pé ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ìwé yẹn tọ̀ mí wá. Ṣẹ́ ẹ rò pé mo gbọ́n lọ́jọ́ náà? Lọ́sẹ̀ kejì, mo ra tẹlifíṣọ̀n mìíràn tó tún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ pa ètò tó ń jẹ́ kí fídíò kan máa tẹ̀ lé òmíràn fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ò mọ “ó tó”.

Ní ti iye àkókò, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ lọ́dún 2019: ọmọ ọdún 1, kó má wò ó rárá, ọdún 2 sí 4, kó má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, bó bá kéré sí i, ó tún dáa jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí pé “wákàtí mẹ́ta ńkọ́?”, mo ti dáhùn o. Kó fi fídíò bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ò burú ní tèmi. Ìyá àgbà máa ń dáhùn.

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n ní nǹkan bíi wákàtí 1 kí ọmọ tó sùn. Ẹ má kàn já a pa mọ́ ọn lójú: ẹ sọ fún un ṣáájú pé eré yìí ló kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ rìmóòtù. Ọmọ mi kejì a tiẹ̀ máa kí tẹlifíṣọ̀n pé ó dàárọ̀.