Bó o ṣe lè wo ilé tí Le Corbusier yà kó sì yé ẹ

Le Corbusier jẹ́ ayàwòrán ilé. Tó o bá fẹ́ mọ iṣẹ́ bàbá yìí, ilé kan tí wọ́n ń pè ní Villa Savoye ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, ó wà ní Poissy nítòsí Paris, 1931 ni wọ́n parí ẹ̀. Wá fọ́tò ẹ̀ àti pílánù ẹ̀, kó o tẹ́ méjèèjì síwájú.

Ìsàlẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Ṣó o rí àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn? Àwọn ló gbé ilé ró, kì í ṣe ògiri, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà o, torí tí ògiri ò bá ti ru ẹrù mọ́, o lè gbé e síbi tó bá wù ẹ́ nínú ilé, o sì lè la fèrèsé gbọọrọ látìgun kan dé ìkejì kí ìmọ́lẹ̀ wọlé rẹpẹtẹ. Gíláàsì ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ yẹn, bí mọ́tò ṣe máa yí po ló fi wọ̀n ọ́n, ìyẹn máa ń wú mi lórí gan-an.

Lẹ́yìn náà, fi ìka tọ ọ̀nà tó rọra ń gòkè tó gba àárín ilé lórí pílánù, rọra ṣe é, títí wá dé ọgbà orí òrùlé. Òrùlé pẹlẹbẹ yẹn jò o, àwọn tó ni ilé ráhùn gan-an, má fojú fo ìyẹn.

Tó o bá ṣetán, wá lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá yìí náà yà sí Ronchamp ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n parí ní 1955, ògiri ẹ̀ nípọn, òrùlé ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, fi wọ́n wéra.