Bí A Ṣe Ń Rí Etíkun Tí Èrò Kò Pọ̀ Sí ní Erékùṣù Menorca

Menorca jẹ́ ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Balearic ti orílẹ̀-èdè Sípéènì, nínú Òkun Mẹditaréníà. Kò fẹ̀ púpọ̀: láti Maó ní ìlà oòrùn dé Ciutadella ní ìwọ̀ oòrùn, títì Me-1 kò ju nǹkan bíi kìlómítà 45 lọ. Síbẹ̀, lóṣù kẹjọ, ẹni tó bá dé etíkun tó lórúkọ láago mọ́kànlá àárọ̀ lè má rí ibi tẹ́ aṣọ sí. Etíkun tó pa rọ́rọ́ wà o, àmọ́ ibi tí mọ́tò kò lè dé ni, ibì kan náà kọ́ ló sì máa ń dáa lójoojúmọ́.

1. Ẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá

Tramuntana ni wọ́n ń pe afẹ́fẹ́ àríwá. Bó bá ń fẹ́, ìgbì á máa ru ní gbogbo etí òkun apá àríwá, omi apá gúúsù á sì tòrò. Bó bá jẹ́ láti gúúsù ló ti ń wá, apá àríwá ni kí ẹ gbà lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wo ìkànnì AEMET, iléeṣẹ́ ìjọba Sípéènì tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá àti bó ṣe lágbára tó nìkan lẹ nílò. Bó bá ju kìlómítà 20 ní wákàtí kan lọ, tó sì dojú kọ etíkun tí ẹ fọkàn sí, ẹ lọ sí òdìkejì erékùṣù.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á rí fọ́tò Cala Pregonda, etíkun kan ní apá àríwá, tí omi rẹ̀ mọ́ gaara, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lọ́jọ́ tí Tramuntana ń jà, iyanrìn á sì máa ta sí wọn lójú. Afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀ náà ló ń gbé jẹ́lífíìṣì aláwọ̀ àlùkò wá sétí omi. Bó bá ta yín, omi òkun ni kí ẹ fi ṣan ojú ibẹ̀, ẹ má lo omi mímu, ẹ má sì fọwọ́ ra á. Omi tí kò níyọ̀ ń mú kí oró tó ṣẹ́ kù tú jáde sí i.

2. Ẹ fi máàpù wọn ìrìn

Ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì lórí Google Maps, kí ẹ wá iyanrìn tí kò sí òrùlé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wọn ọ̀nà láti ibi ìgbọ́kọ̀sí tó sún mọ́ ọn jù. Ìlà tààrà ni máàpù máa fún yín, bẹ́ẹ̀ àwọn àfonífojì tó gé apá gúúsù ń mú kí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ kó tún gòkè. Ẹ fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan kún un. Lójú tiwa, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ààlà. Ẹni tó gbé agboòrùn, kúlà àti ọmọ kì í fẹ́ rìn kọjá ibẹ̀.

Camí de Cavalls lẹ máa tọ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yìí yí gbogbo erékùṣù ká, kìlómítà 185, wọ́n sì pín in sí ìpele 20. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń ṣọ́ etí òkun ló ń gbà á láyé àtijọ́. Òpó onígi àti ọ̀dà pupa òun funfun ti GR 223, ìyẹn nọ́ńbà ọ̀nà náà, ni àmì rẹ̀. Ẹ máa ti géètì onígi tí ẹ bá gbà kọjá, torí màlúù ń jẹ̀ níbẹ̀.

3. Ẹ yan èyí tó bá ọjọ́ náà mu

Apá gúúsù ní iyanrìn funfun àti igi páìnì tó ń ṣíji bo ọ̀nà. Cala Galdana ní òtẹ́ẹ̀lì, èrò sì kún ibẹ̀. Tí ẹ bá rìn lọ sí ìlà oòrùn, ẹ máa kan Cala Mitjana, tí èrò ṣì máa ń pọ̀ sí. Ẹ má dúró, ẹ máa bá a lọ dé Trebalúger, tí odò kékeré ṣàn wá láti ẹ̀yìn rẹ̀. Láti Sant Tomàs ní tiẹ̀, ẹ gba Binigaus lọ sí Cala Escorxada, bíi wákàtí kan. Cala Fustam wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Es Talaier, láàárín Son Saura àti Turqueta, kéré gan-an, nítorí náà ẹ tètè dé ibẹ̀.

Ní àríwá, òkúta àti iyanrìn pọ́n, igi kò sì pọ̀. Bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni láti Binimel·là dé Pregonda. Cala Pilar gba inú igbó, ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ rọrùn, àmọ́ ìpadàbọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán ló ń tán èèyàn lókun.

4. Àkókò

Ìparí oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án la fara mọ́ jù: omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ iléèwé kò sì pọ̀. Lóṣù keje àti ìkẹjọ, ẹ dé ibi ìgbọ́kọ̀sí kí aago mẹ́sàn-án tó lù, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n máa ń ti ọ̀nà tó lọ sí etíkun Macarella mọ́ mọ́tò àdáni lásìkò èrò. Bọ́ọ̀sì láti Ciutadella ló ń lọ. Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣì nílò físà Schengen. Ìwé ìgbélùú Bìrìtìkó kò rọ́pò rẹ̀.

5. Ẹrù

Omi lítà méjì fún ẹnì kan, mẹ́ta bó bá jẹ́ àríwá, torí kò sí ẹ̀rọ omi lọ́nà. Bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀, fìlà, oúnjẹ, àti àpò tí ẹ máa kó ìdọ̀tí yín padà sí. Sílípáàsì kì í dé Escorxada kó má já.

6. Bí ẹ bá débẹ̀

Etíkun Sípéènì jẹ́ ti gbogbo aráàlú lábẹ́ òfin ọdún 1988, ẹnikẹ́ni kò lè lé yín kúrò lórí iyanrìn. Ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ ti oníǹkan, nítorí náà ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ lè bá àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ láìwọ aṣọ. Kò lòdì sófin, ẹ wojú ibòmíì. Òkìtì koríko dúdú tó wà létí omi kì í ṣe ìdọ̀tí: posidonia ni, òun ló ń di iyanrìn mú kí ìgbì má kó o lọ.

Òkun yìí kì í kún kó fà bíi ti Èkó, àmọ́ kò sí olùṣọ́ omi ní ọ̀pọ̀ etíkun ọ̀nà jíjìn, ìṣàn tó ń fani sínú sì lè wà lọ́jọ́ kejì ìjì. Ẹni tí kò bá mọ̀wẹ̀ dáadáa, kí omi má kọjá ìbàdí rẹ̀. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi lẹ háyà, láti Fornells fún àpẹẹrẹ, orí iyanrìn nìkan ni kí ẹ ju ìdákọ̀ró sí, níbi tí omi ti funfun láti òkè. Ibi tó dúdú ni posidonia wà, òfin àwọn erékùṣù náà ti ọdún 2018 sì ka jíju ìdákọ̀ró sí i léèwọ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ kì í ṣe kékeré.