Bí ẹ ṣe lè kọ́ kíka Bíbélì lẹ́yìn àádọ́rin ọdún

Ẹni ọdún 85 ni Kélẹ́bù nígbà tó ní kí wọ́n fún òun ní òkè kan (Jóṣúà 14). Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ̀wé kà n'Íbàdàn, ẹ ò tíì pẹ́ rárá.

Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn, tàbí lọ́dọ̀ dókítà ojú tó bá sún mọ́ yín. Ẹ fi jígí ojú ẹ̀gbẹ́ títì Dùgbẹ̀ sílẹ̀: agbára ojú méjèèjì kì í sábà dọ́gba, jígí yẹn ò sì lè sọ bóyá àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ń jẹ ojú lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ra Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà.

Fáwẹ̀lì méje ni ìbẹ̀rẹ̀: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Lẹ́tà 25 ni gbogbo ábídí Yorùbá. Ẹyọ kan ni gb, ẹ má pín in. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ti tó.

Sáàmù 117 ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, ẹsẹ méjì péré ni. Ẹ fi Sáàmù 23 sílẹ̀ ná! Ẹ ti mọ ìyẹn sórí, ẹnu ni yóò máa kà á, ojú á kàn máa wòran. Kí ẹni tó ń kọ́ yín, ì báà jẹ́ ọmọ-ọmọ, máa tọ́ka sí ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú.

Bíbélì àtijọ́ kì í fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì ń kọ "enia" àti "aiye" fún ènìyàn àti ayé. Ọkọ lè di ọkọ́ tàbí ọkọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ fojú ka gbólóhùn náà tán ná, kí ẹ tó pè é síta.