Olè Tó Ti Ń Sá Lọ: Ìmọ̀ràn fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Bí ìkórè kòkó bá ti wọlé dé, oorun àgbẹ̀ a dín kù ní Ìdànrè, ní Ilé-Olújì, títí dé àwọn abà tó yí Àkúrẹ́ ká. Wọ́n ń jí tútù ká lórí igi, wọ́n ń kó gbígbẹ lórí pèpéle. Ó yẹ kí inú bí wa. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé ìbọn, ẹ gbọ́.

Bí olè bá yọ àdá sí yín, òfin gbà kí ẹ gba ara yín sílẹ̀, kí agbára tí ẹ ó lò má ṣáà ju ewu náà lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti ju àpò sílẹ̀, tó kẹ̀yìn, tó ń sá, ewu ti kọjá nìyẹn. Abala 33 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 dárúkọ ìdáàbòbò dúkìá lóòótọ́, àmọ́ agbára tó pọn dandan nìkan ló fàyè gbà. Ẹni tó ti ń sá lọ, kí ló tún pọn dandan nípa rẹ̀? Ẹni tó bá yìnbọn pa á lè jẹ́jọ́ ìpànìyàn, ikú sì ni ìjìyà rẹ̀.

Ẹ tún wo ṣakabùlà tí ọ̀pọ̀ wa ní. Ọta rẹ̀ máa ń fọ́n ká ni. Lábẹ́ igi kòkó lóru, tọ́ọ̀ṣì kì í fi ojú ènìyàn hàn dáadáa: ó lè jẹ́ ọmọ aládùúgbò tó wá ṣa ìgbín, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ yín fúnra yín tó gba ọ̀nà àbùjá. Wáyà iná tí àwọn kan ń fà yí ọgbà ká tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ onílé.

Ẹ má lé olè wọ igbó. Ẹ pariwo, ẹ wo aṣọ rẹ̀, ọ̀nà tó gbà, nọ́ńbà ọ̀kadà tó gùn. Ẹ pe 112, tàbí kí ẹ ké sí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 2020. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má lù ú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ taya àti pẹtiróòlù. Ẹni tí wọ́n bá pariwo olè lé lórí kì í ráyè sọ tẹnu rẹ̀.

Olè kò jí kòkó láti jẹ ẹ́, yóò tà á ni. Nítorí náà, ẹ tètè ta àwọn tó ń ra kòkó ládùúgbò lólobó. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí inú àpò yín, kì í ṣe ìta, kí ẹ lè tọ́ka sí i bí ọlọ́pàá bá bá a ní sítọ́ọ̀ ẹnikẹ́ni.