Bí mo ṣe ń ra ṣéènì fún Honda mi tó ti dàgbà

Lóònù máṣíìnì tí ìjọba fún wa lọ́dún 1983 ni mo fi ra Honda CG125 mi. Iṣẹ́ agírííkì ni mò ń ṣe nígbà náà, mò ń káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ láti Ìkòyí-Ilé títí dé Orílé-Ìgbọ́n. Èmi ti fẹ̀yìn tì, òun kò tíì fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ń pè é ní ọ̀kadà, mo sì máa ń bá wọn jà sí i: orúkọ ilé iṣẹ́ bàálù kan nígbà kan rí ni Okada, máṣíìnì ni tèmi.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti pààrọ̀ lára rẹ̀, ṣéènì olówó pọ́ọ́kú kan ló ná mi lówó jù. Mi ò ní í dárúkọ ẹni tó tà á fún mi. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi já lọ́nà Ìkòyí, nínú ọyẹ́. Ẹni tí kò bá rí i rí á rò pé ṣéènì tó bá já kàn máa ṣubú sílẹ̀ ni. Tèmi ká jọ síwájú, ó há mọ́ ẹ̀gbẹ́ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, ìyẹn irin róbótó eléyín tó ń fa ṣéènì, ó sì fọ́ ara ẹ́ńjìnì. Bí ọ́ìlì ṣe ń dà sínú iyanrìn ni mò ń wò ó. Ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ ló gbé èmi àti máṣíìnì délé. Owó tí mo san fún wẹ́dà tó bá mi jó o padà tó ra ṣéènì gidi mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fara balẹ̀ ra ṣéènì, bí ẹni ń ra aṣọ òkè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí nọ́ńbà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi èèyàn ṣeré. 428 ni CG125 ń lò. 4 tó ṣáájú ń sọ bí píìnì kan, ìyẹn irin kékeré tó so ìdè ṣéènì kan mọ́ òmíràn, ṣe jìnnà sí èkejì, ìdá mẹ́jọ íńṣì ni wọ́n fi ń kà á: mẹ́rin nínú mẹ́jọ jẹ́ ìdajì íńṣì, ìyẹn 12.7 mílímítà. 28 tó tẹ̀ lé e ni ti àyè inú, níbi tí eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ń wọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 mílímítà. 420 tí Honda C70 ń lò, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gùn nígbà kan, ìjìnnà píìnì tirẹ̀ kò yàtọ̀, àyè inú rẹ̀ ló kéré, 6.35 péré. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́jà fi lè bojú wò yín kó ní ó máa wọ̀. 428 á jókòó sórí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì 420 lóòótọ́, ṣùgbọ́n á máa yẹ̀ sọ́tùn-ún, á máa yẹ̀ sósì, bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. 420 ní tirẹ̀ ò tilẹ̀ ní í gba eyín 428. Ti 520 àti 530, ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ íńṣì ni ìjìnnà píìnì wọn, kò sí ohun tó dà wọ́n pọ̀ mọ́ èyí.

Nọ́ńbà máa ń wà lára ṣéènì àtijọ́. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibì kan, ẹ ó rí i. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ti lo máṣíìnì náà kó tó kàn yín, ẹ wo sípírọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, torí ó lè jẹ́ pé òun náà ti kọ́kọ́ ṣì í rà.

Tí ẹ bá rí H lẹ́yìn nọ́ńbà, bíi 428H, irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló nípọn ju ti 428 lásán. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ń lò. H ni mo máa ń rà, nítorí ọ̀nà oko wa.

Ó wá ku ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ṣéènì 428H mẹ́rin lè wà lórí káńtà, kí nọ́ńbà wọn bára mu, kí ọ̀kan ṣe ọdún mẹ́ta, kí òmíràn má ṣe oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo lọ ra èyí tó wà lára máṣíìnì báyìí, ní Sábó, ọmọkùnrin tó ń tajà ní, "Bàbá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, owó ló yàtọ̀." Mo ní kó bá mi wá ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ó rò pé eyín ni mo fẹ́ fi ta.

Ohun tí mo fi ìgbálẹ̀ ṣe rèé. Ní ìparí ṣéènì tuntun, níbi tí lọ́ọ̀kì tó ń so orí ṣéènì méjèèjì pọ̀ máa wọ̀, ihò kan wà tó ṣí sílẹ̀. Inú búùṣì nìyẹn, ibi tí píìnì ti ń yí. Búùṣì tó dára, odidi irin ni wọ́n fi ṣe é, inú rẹ̀ dán yípo. Èyí tí kò dára, páànù pẹlẹbẹ ni wọ́n ká jọ tí ẹnu méjèèjì fi kanra, bí ẹni ká ẹní. Ojú lè má rí ojú ìpàdé yẹn, pàápàá ojú àgbà bíi tèmi, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ inú ihò náà, tí ẹ sì rọra ń fi orí rẹ̀ ha inú yípo, á kọ́ ibẹ̀. Méjì nínú mẹ́rin tó gbé sílẹ̀ kọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kí òun náà gbìyànjú rẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó wo páálí, ó wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

Rólà tó wà níta búùṣì náà, bákan náà ni. Ẹ fi èékánná yí i nínú oòrùn, kí ẹ wò ó bóyá ìlà kan gba ara rẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Tó bá wà, ibẹ̀ ló ti máa là lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ di ìparí kan mú, kí ẹ sì nà án síta láfẹ́fẹ́. Èyí tó le á tẹ̀ díẹ̀, á dúró. Èyí tí kò le á sọ̀ wálẹ̀ bí ọrùn adìyẹ tí wọ́n dúńbú, tuntun náà nìyẹn o. Ẹ wo orí àwọn píìnì: bí wọ́n ṣe tẹ ọ̀kan ni kí wọ́n ṣe tẹ gbogbo wọn. Ẹ tún wọ̀n wọ́n. Ìyá tó ń ta ẹja dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yá wa ní òṣùwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn tó ti bú wa díẹ̀. Tí iye ìdè méjèèjì bá dọ́gba, èyí tó wúwo ló sábà máa ń ní irin púpọ̀ lára.

Orúkọ ńkọ́? DID àti RK láti Japan, Regina láti Ítálì, Renold láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn ló ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Hans Renold fúnra rẹ̀ ló ṣe irú ṣéènì oníbúùṣì àti rólà yìí jáde ní Manchester lọ́dún 1880, kí máṣíìnì tó ń lo pẹtiróòlù tó dáyé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ páálí. Ara irin ni kí ẹ ti ka orúkọ, kó jinlẹ̀, kó sì mọ́. Ìgbálẹ̀ mi kì í sì í ka orúkọ.

Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ kí n ra olórùka rọ́bà. Wọ́n fi òrùka rọ́bà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ píìnì kọ̀ọ̀kan láti sé gíríìsì mọ́ inú, kí eruku má sì wọlé. Ó dára, ó ń pẹ́, ó sì wọ́n. Mi ò rà á. Páànù tó bo ṣéènì ṣì wà lára tèmi látòkè délẹ̀, òun ló ń lé eruku fún mi, ṣéènì olórùka sì fẹ̀ ju lásán lọ, ó lè máa ha páànù. Àwọn tó ti tú páànù tiwọn dànù torí pé ó ń pariwo, ó yẹ kí wọ́n rà á. Kẹrosíìnì nìkan ni kí wọ́n máa fi fọ̀ ọ́ o, pẹtiróòlù máa ń ba rọ́bà yẹn jẹ́.

Nípa gígùn, ẹ ka ìdè ṣéènì àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kí ẹ fi wọn ọ́n, torí ó ti gùn. Ẹ na èyí tó wà lára máṣíìnì kó le, ẹ ka píìnì 21, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín ti àkọ́kọ́ dé àárín ti ìkẹyìn. Ti 428 tuntun jẹ́ 254 mílímítà, íńṣì mẹ́wàá géérégé. Tó bá ti di 259, ó ti parí. Irin ò fà o, píìnì àti búùṣì ló ti jẹ ara wọn. Tí tuntun bá gùn jù, ẹ fi fáìlì ha orí píìnì tán kí ẹ tó gbá a jáde. Ẹni tó ní kí ẹ fi ìdajì ìdè kún un torí pé kò tó, ẹ dágbére fún un.

Ẹ ra sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn tí eyín wọn bá ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Èmi ti fi ṣéènì tuntun sórí eyín àtijọ́ rí láti fi ṣọ́ owó, oṣù díẹ̀ ló fi bá a gbó.

Tí wọ́n bá fẹ́ dè é, ẹ dúró tì í. Kílíìpù lọ́ọ̀kì náà ní ìdí tó pa mọ́ àti ẹnu tó là. Ìdí tó pa mọ́ ló gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ṣéènì ń lọ, kí òkúta má baà gbá ẹnu rẹ̀ ṣí. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì mi ti fi sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ṣéènì máa sọ̀ bíi 20 sí 30 mílímítà láàárín, níbi tó bá le jù tí ẹ bá yí táyà. Gíà ọ́ìlì 90 ni mo máa ń kán sí i, sáàárín àwọn irin ẹ̀gbẹ́, nírọ̀lẹ́ tí ara rẹ̀ bá ṣì gbóná. Gíríìsì tí wọ́n ń fi ọwọ́ kùn síta yẹn, ẹ̀kọ iyanrìn ló ń dà.

Ti Sábó ti lé lọ́dún méjì báyìí, 255 ló wà nígbà tí mo wọ̀n ọ́n lóṣù tó kọjá. Èyí tó já lọ́nà Ìkòyí náà ṣì wà nílé. Òun la fi ń de ilẹ̀kùn ilé adìyẹ, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe pẹ́ lára Honda lọ.